Àkọ́gbé Àgbáǹréré

Bóòtù kẹtàlá kọ̀, kò fẹ́ tú. Àṣàkẹ́ Ọdẹ́tọ́lá yí ara padà lábẹ́ ọkọ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti táyà, ó sì fi gbogbo agbára èjìká fa sípánà. Irin náà ké. Ó yí díẹ̀. Ó tún fà á, bóòtù náà sì já bọ́ sórí àyà rẹ̀, ó gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè.

"Ó ku mẹ́ta," ó wí.

Bàbá Lámídì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń fi agolo gba àwọn bóòtù. Òun ni awakọ̀ ìlú Ìdí-Àyan. Láti àárọ̀ ni kò ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́ tí o ń tú nǹkan," ó wí. "N kò rí i kí o tú ilé ìwẹ̀ kúrò nínú mọ́tò rí."

"Èmi náà kò rí ilé ìwẹ̀ nínú mọ́tò rí."

"Wọ́n ní àwọn àlejò máa ń fẹ́ wẹ̀ bí wọ́n bá wo erin tán."

"Kí ni erin fi yí wọn lára?"

Bàbá Lámídì rẹ́rìn-ín, ó sì mi agolo rẹ̀. Àṣàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fi sípánà sí bóòtù kẹrìnlá.

Àgbáǹréré ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó wà lókè orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ṣe é, wọ́n sì ti gbé e yíká ibi ìpàtẹ mẹ́rin kí wọ́n tó gbé e wá síbí. Kò tíì fi táyà ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ pupa rí. Orí ọkọ̀ mìíràn ló gùn wá, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ìyàwó. Táyà rẹ̀ ga tó àyà àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gùn tàbí kúrú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí òkúta bá wà lójú ọ̀nà, Àṣàkẹ́ sì gbà pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn mọ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kó lé orí iṣẹ́ rere náà ló ń bí i nínú. Orùlé jẹ́ dígí. Àga mẹ́fà tó ń yí bí oníjó. Ẹ̀rọ kan tó ń ṣe yìnyín onígun mẹ́rin, òmíràn tó ń ṣe é roboto. Lẹ́yìn pátápátá, lórí pèpéle gíga, ọpọ́n ìwẹ̀ òkúta funfun, kí ẹni tó ń wẹ̀ lè máa wo igbó. Ó ti kọ́kọ́ sọ tánkì omi ọpọ́n náà kalẹ̀ kúrò lórí orùlé. Ẹgbẹ̀ta lítà ló ń gbà. Ní Ìdí-Àyan, ogójì lítà ni ilé kan ń gbà lóòjọ́, wọ́n sì ń fi ìbò dá ẹni tí yóò kọ́kọ́ pọn.

Bóòtù kẹrìnlá tú. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún tú. Nígbà tí ó di ìkẹrìndínlógún, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì rí bàtà funfun méjì.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe sí ọkọ̀ mi?"

"Mò ń dín in kù."

"Ẹ ń dín kí ni kù?"

Ó tú bóòtù náà tán, ó gbé e fún Bàbá Lámídì, ó sì yọ́ jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, dúró níwájú rẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ń fò tẹ̀lé lókè orí tó ń fẹ́ ẹ. Abẹ̀bẹ̀ náà ń kùn bí kòkòrò. Bí Ládiméjì bá yí orí, òun náà á yí.

"Ọpọ́n yẹn," Ládiméjì wí, ó ń nawọ́. "Odindi òkúta kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ òkun ni òkúta náà ti wá."

"Mo wọ̀n ọ́n. Igba kílò ó lé mẹ́wàá. Fi omi kún un, kí o gbé tánkì tó kún lé e lórí. Ọ̀nà igbó gba ẹ̀gbẹ́ Òkè Ìkókò, ó sì dà sí ọ̀tún ní dígírì méjìlélógún. Ní mọ́kàndínlógún ni ọkọ̀ rẹ yóò ti yí dànù. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wà nínú ìwé tó wà lórí àpótí yẹn. Kà á."

"Ẹ̀rọ ti ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ ní Èkó."

"Ṣé ẹ̀rọ náà ti gun Òkè Ìkókò rí?"

Ládiméjì gbé orí sókè. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo aago. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Agogo méjìlá ni àwọn àlejò máa dé. Ẹ dá ọpọ́n padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ tẹ òǹtẹ̀. Nǹkan tí a pè yín fún nìyẹn. Kò ju kí ẹ fi ọwọ́ kan án lọ."

Òǹtẹ̀ náà wà lọ́rùn Àṣàkẹ́, idẹ pẹlẹbẹ tí kò tóbi ju ìdérí agolo lọ, tí kì í gbóná àfi bí àtàǹpàkò tirẹ̀ bá kàn án. Òun nìkan ni ìjọba fún ní irú rẹ̀ nínú ìlú márùn-ún, láti fi jẹ́rìí pé ẹ̀rọ dára.

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán," ó wí, "ọdún méje ni ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tú bóòtù kan nínú rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á wà níbẹ̀, ohun tí kò bá sí á máa wá a. O fẹ́ kí n tẹ òǹtẹ̀ mọ́ pósí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. N kò ní ṣe é. Ọpọ́n yìí kò padà síbẹ̀ mọ́."

"Ó dáa," Ládiméjì wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa, kí ó máa gbélẹ̀. Ìyókù ń kọ́?"

"Mi ò tíì parí."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí àwọn obìnrin méjì wọ àgbàlá náà. Ìbídùn, ìyàwó Ẹ̀jìdé, ló wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìbàdí, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò omi tó kún. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ẹ̀jìdé, ń fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn, ó ru àpò lórí. Wọn kò wo Àgbáǹréré. Ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ igi ni wọ́n lọ tààrà, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ Sùúrù sí níwájú orí.

"Bàbá Lámídì, ó ti bẹ̀rẹ̀ o!" Ìyá Ẹ̀jìdé ké. "Láti ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà dábùú. Ó ní kí á má jókòó, kí á máa lọ sí ilé ìwòsàn Ọ̀jẹ́-Òkè, pé iṣẹ́ abẹ ni."

Bàbá Lámídì ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló ti ń dìde bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ sí àpò, ó ti mú kọ́kọ́rọ́, ó ti dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà kí ó tó rántí. Síbẹ̀ ó wọlé, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yí i. Kò dún rárá.

"Ọ̀nà kan, ẹ́ńjìnnì kan," ohùn kan wí lẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà. "Ọkọ̀ yìí ti dẹ́kun iṣẹ́ láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn."

Arúnrin ló sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ti dúró síbẹ̀ láti ìdájí, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí ó ń dúró de agogo méjìlá láti run bọ́ọ̀sì náà. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri àgbàlá, wọ́n ti kọ òfin ọ̀nà igbó ní lẹ́tà tó ga tó ènìyàn: ERIN Ń SÙN. Ọ̀NÀ KAN, Ẹ́ŃJÌNNÌ KAN.

"Bàbá, kí ló dé?" Ìbídùn bèèrè. Ó ti di ara bọ́ọ̀sì náà mú.

"Wọ́n ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa, ọmọ mi. Wọ́n ti gbé e fún ìyẹn." Bàbá Lámídì fi àgbọ̀n tọ́ka sí Àgbáǹréré. "Bí ó ti wọ àgbàlá yìí ní ìdájí ni Sùúrù ti kú."

Ìbídùn yíjú wo ọkọ̀ tuntun náà, táyà rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń dán. Ó wo ọpọ́n funfun tó wà nílẹ̀. "Kí ni ìyẹn?"

"Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀."

"Nínú igbó?" Ìrora mú un, ó tẹ̀, ó di ẹnu pa títí ó fi lọ. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Bí ọmọ yìí bá jáde, Erin ni mo máa sọ ọ́. Ohun tí erin bá fẹ́ nílùú yìí, wọ́n máa ń ṣe é fún un."

Ìyá Ẹ̀jìdé ti kúnlẹ̀ níwájú Ládiméjì, lórí òkúta wẹ́wẹ́. "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa. Ogójì kìlómítà péré ni. Àwa ò ní jókòó sórí àga, ilẹ̀ la máa jókòó sí. Bí ó bá délé ìwòsàn, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín padà, a ó fọ̀ ọ́ fún yín."

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ojú ti Ládiméjì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀ nítorí pé orí rẹ̀ kò dúró lójú kan. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Àgbáǹréré kò tíì rìn. Ẹni tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gbé wọ igbó ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé aláìsàn lónìí, ọkọ̀ aláìsàn ló dà fún ọdún méje. Èmi kọ́ ló ṣe òfin yẹn."

"A mọ ẹni tó ṣe é, a sì mọ ìdí rẹ̀," Àṣàkẹ́ wí. "Àwọn bíi tiyín ń kọ ọkọ̀ aláìsàn sórí ìwé, wọ́n sì ń fi kó àwọn olówó lọ wo ẹkùn. Nígbà tí ìjọba rí i pé irọ́ kún inú ìwé, wọ́n ní kí ọkọ̀ fi ìrìn ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́."

"Lọ́la," Ládiméjì wí. "Bí àwọn àlejò bá ti rìn tán, lọ́la a lè wò ó bí..."

"Lọ́la, ó ti di ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ṣé ohùn inú rẹ̀ á ṣí ilẹ̀kùn fún aboyún lọ́la?"

Ládiméjì fi bàtà funfun rẹ̀ ti òkúta wẹ́wẹ́ kan.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Kò ní ṣí i," ó wí.

"Nígbà náà, kí lo fi ń parọ́ fún arúgbó tó kúnlẹ̀?"

Ìyá Ẹ̀jìdé dìde fúnra rẹ̀, ó ń gbọn òkúta kúrò ní eékún. Kò sí ohun tó lè fò gba ibẹ̀, òfin kò gbà kí ohunkóhun fò kọjá lórí erin. Ẹsẹ̀ kò lè gbé Ìbídùn dé ògiri, ká má tíì sọ ti ogójì kìlómítà.

Ládiméjì yíjú sí Bàbá Lámídì, bóyá nítorí pé ó fẹ́ wá ohun rere kan sọ. "Bàbá, ní ti bọ́ọ̀sì yín, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, Arúnrin kò ní fọwọ́ kàn án. A ó da sìmẹ́ńtì sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, a ó gbé e síwájú ilé àlejò, a ó gbin òdòdó sínú rẹ̀."

Bàbá Lámídì sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì náà. "Ìwọ," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "bí bàbá rẹ bá kú, ṣé o máa gbin òdòdó sí i lẹ́nu?"

Àṣàkẹ́ na ọwọ́. "Mú fọ́ọ̀mù wá."

"Ẹ máa tẹ òǹtẹ̀?"

"N kì í tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ohun tí n kò kà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó gba pátákó dígí tí fọ́ọ̀mù náà wà lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá fo ìlà kan, wọ́n á dá gbogbo iṣẹ́ náà padà, á sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fo ìlà mọ́ láti ìgbà náà. Orúkọ ọkọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀. Ariwo rẹ̀. Ó kà á bí Ìbídùn ti ń mí kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dúró ní ìlà kẹsàn-án.

"Ìkójáde ọkọ̀," ó kà sókè, "ní ìlànà ìlú Ìdí-Àyan. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni." Inú Ládiméjì dùn díẹ̀, ó rò pé òun ti rí ibi tí òun ti lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Àwọn àlejò fẹ́ràn irú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ a máa gba àmì ẹ̀yẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìlú yín, Màmá."

"O ṣeun. Ṣé o ti fi fọ́ọ̀mù yìí ránṣẹ́?"

"Agogo mẹ́fà ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ti gbà á wọlé."

"Kí ni ìlànà wa, tí ọkọ̀ tuntun bá fẹ́ jáde?"

Ládiméjì ronú. "Ẹ ó fọ̀ ọ́. Ẹ ó súre fún un. Ẹ ó jó."

Bàbá Lámídì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ lójijì, ó sì wo Àṣàkẹ́.

"Àṣàkẹ́," ó wí.

"Mo ti rí i," Àṣàkẹ́ wí.

Ohun tó rí kò ṣòro. Ní Ìdí-Àyan, láti ayé kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ra, tí wọ́n fi gbé ọkùnrin tí ejò ṣán lọ wá egbòogi, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ gùn ún, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn lára irin ló ń yan àkọ́gbé. Àkọ́gbé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò lè dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Sùúrù alára. Òfin náà sì kọ ọ́ pé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ìlà kẹsàn-án, ó di dandan kí wọ́n mú un ṣẹ.

Ohun tó ṣòro ni pé Àṣàkẹ́ kórìíra ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Fún ọdún mẹ́tàlélógún tí òǹtẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò fi gba ẹ̀bùn, kò fi ṣe ojúsàájú, kò sì fi dẹ pàkúté fún ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin yìí ti kọ ohun tí kò mọ̀. Ṣé ó tọ́ kí òun fi àìmọ̀ rẹ̀ mú un? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ̀sùn kàn án, òǹtẹ̀ lè kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìlú márùn-ún á sì wà láìsí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lásán. Láti òní lọ, kò tún ní sí ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò kọ ìlànà wọn sí ìlà kẹsàn-án.

Ó wo Ìbídùn. Òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ká ní Ìbídùn kò wá síbí lónìí rárá, kí ni òun ìbá ṣe ní ìlà kẹsàn-án? Ìdáhùn náà ni pé òun ìbá wọ inú ìlú, òun ìbá wá ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò lè dúró, nítorí pé iṣẹ́ náà nìyẹn, wọ́n sì ti kọ ọ́. Kì í ṣe pàkúté nígbà náà. Aṣojú yìí ló yá àṣà ènìyàn lò láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìbídùn," ó wí, "ìwọ ni àkọ́gbé Àgbáǹréré."

Ládiméjì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gbọ́. "Rárá. Rárá o, Màmá. Màá pa ìlà náà rẹ́."

"O sọ pé wọ́n ti gbà á wọlé."

"Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni! Ẹ mọ iye ènìyàn tó ṣe é? Ẹ mọ iye ọdún tó gbà?"

"Wọ́n ṣe é dáadáa. Yóò gun òkè. Ohun tí wọ́n ní kí ó lọ ṣe lórí òkè ni kò dáa."

"Èmi ni wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ọmọ méjì, Màmá. Ẹ kò rò ó?"

Àṣàkẹ́ dúró. Ó wò ó, abẹ̀bẹ̀ àti bàtà funfun àti gbogbo rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹni tó lè jẹ́ ọmọ ẹnìkan. "Mo rò ó," ó wí. "Ó dùn mí. Ìyẹn kò yí ohun tó wà ní ìlà kẹsàn-án padà."

"Màá fẹjọ́ yín sùn. Òǹtẹ̀ yẹn máa kúrò lọ́rùn yín."

"Kọ ọ́. Kọ gbogbo rẹ̀, má fo ìlà kankan. Bàbá Lámídì, ẹ bá mi gbé sípánà onímẹ́tàdínlógún."

Ogún ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ náà gbà. Òfin kò gbà kí wọ́n mú ohunkóhun nínú Sùúrù, Arúnrin ti ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà Àṣàkẹ́ kò lè mú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó tú méjì nínú àwọn àga tó ń yí, ó da ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ kí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì, ó sì fi bóòtù ọpọ́n ìwẹ̀ de wọ́n mọ́ ojú ihò ọpọ́n ìwẹ̀. Ihò mẹ́rìndínlógún, ó lo méjìlá. Awọ àga náà rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn èyíkéyìí lọ. Ó tú ẹ̀rọ yìnyín kan dànù nítorí pé ó dí ọ̀nà, ó fi èkejì sílẹ̀ nítorí pé oògùn kan wà tí kò gbọdọ̀ gbóná. Ó fi ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Kò mì. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n gbé Ìbídùn wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ sí Àgbáǹréré, àlejò wa ọ̀wọ́n," ohùn dídùn kan wí nínú ọkọ̀ náà. "Ṣé ẹ máa mu ohun tútù kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìgbádùn wa?"

"Ẹ ní kó panu mọ́!" Ìbídùn ké.

"Ta ni àkọ́gbé?" ohùn náà bèèrè.

"Ìbídùn, ìyàwó Ẹ̀jìdé," Àṣàkẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo yàn án, ní ìlànà Ìdí-Àyan, ìlà kẹsàn-án. Aboyún ni. Iṣẹ́ abẹ ló ń lọ ṣe."

Ládiméjì dúró níta, ó di fọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ àyà. Àṣàkẹ́ tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ara irin lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí idẹ náà fi gbóná tó sì tún tutù.

"Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí," ohùn náà wí, kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, "gbígbé aláìsàn àti aboyún. Ọdún méje. Àlejò ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

Ìyá Ẹ̀jìdé gun orí ọkọ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ó ti ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga mẹ́rin ṣófo. Bàbá Lámídì dé ìdí sítíárìn, ó sì dúró.

"Ta ni yóò wà níbí pẹ̀lú Sùúrù?" ó bèèrè. Kò wo ìhà ibẹ̀.

"Èmi ni. Ẹ máa lọ. Ẹ má sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ìwọ ló tún un ṣe fún mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tó kọṣẹ́."

"Mo rántí. Ẹ máa lọ, Bàbá."

Àgbáǹréré gbéra láìsí ariwo. Ẹnubodè igbó ṣí fún un, ó sì tì lẹ́yìn rẹ̀. Eruku rẹ̀ kò tíì balẹ̀ nígbà tí agogo méjìlá lù, tí Arúnrin gbé ẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn," ó wí.

Àṣàkẹ́ sún sẹ́yìn, ní ìwọ̀n tí òfin wí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bo ojú. Dígí Sùúrù ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orùlé, lẹ́yìn náà iwájú orí pẹ̀lú ọ̀dà pupa rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ẹ̀rọ náà dé orí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ó dún yàtọ̀. Ọdún tó kọjá ló pààrọ̀ gbogbo òrùka inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún sí i. Páńpù rẹ̀ ìbá fa omi fún gbogbo àdúgbò Ìsàlẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ nìkan ìbá ṣe ọkọ́ ogójì. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí òfin gbà kí ọwọ́ mú. Wọ́n jókòó níbì kan, wọ́n pe èyí ní ìtọ́jú ayé, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó ń wò ó, ó sì di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ó má bàa sọ sípánà lu ẹ̀rọ náà.

Arúnrin dáwọ́ dúró. Ohun tó ṣẹ́kù kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ.

"Iṣẹ́ ti parí," Arúnrin wí. "Ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín."

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kó àwọn sípánà rẹ̀ jọ, ó ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi í sí àyè tirẹ̀ nínú àpò. Ládiméjì ṣì dúró síbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sórí òkúta, bóyá iná rẹ̀ ló tán.

"Kí ni kí n sọ fún àwọn àlejò tó ń bọ̀, àti fún wọn ní Èkó?" ó bèèrè.

"Sọ fún wọn pé ó ń ṣiṣẹ́."

Iná kékeré kan wà lórí ẹnubodè igbó, tó máa ń pupa bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Ìkókò. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ó pupa fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ewé: ọkọ̀ náà ti kọjá òkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọ̀jẹ́-Òkè.

Àṣàkẹ́ gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde kúrò nínú àgbàlá náà.